Ẹ̀rọ Yín Kò Mọ̀ Mí, Tólú

Jakande Estate,
Ìsọlọ̀, Èkó.

Tólúlọpẹ́ Àbẹ̀ní mi,

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà má retí kí n kí ọ pẹ́ títí. Ara mi le díẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń wú, mo gbé e sínú omi gbígbóná bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Iná ò sí. Ẹni tó ń gbé òkè wa ṣì ń gún iyán lórí mi ní ọ̀sán gangan bí ẹni pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Gbogbo nǹkan wà bí o ṣe fi í sílẹ̀ nígbà tí o kó lọ sí Yábàá.

Mo mọ̀ pé wàá béèrè ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fòònù wà. Bí mo bá pè ọ́, wàá ní, "Màmi, mo wà ní mítìnì, màá pè yín padà," o ò sì ní pè. Bí mo bá ká ohùn mi ránṣẹ́ sí ọ, wàá gbọ́ ìdajì rẹ̀, wàá ní o ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìwé ni mo fi ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, ìwé ni ọwọ́ mi mọ̀. Wá ibi jókòó kí o tó kà á. Bí o bá kà á tán tí inú bá bí ọ sí mi, kò burú, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kà á tán.

Nígbà tí o sọ fún mi pé wọ́n ti gbà ọ́ síbi tí wọ́n ti fẹ́ fi kọ̀ǹpútà so àwọn ilé ìlera ìjọba pọ̀, láti Ìsọlọ̀ dé Ọ̀ṣọ́dì dé Èjìgbò, mo jó ní kíṣìnnì. O ò mọ̀. Mo jó díẹ̀, mo sì jókòó nítorí orúnkún. Lọ́kàn mi, mo ní ọmọ mi ló máa parí iṣẹ́ tí èmi bẹ̀rẹ̀ tí mi ò ṣe dáadáa. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ. Mo kàn ní, "Ó dáa, kú oríire," bí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ní báyìí mo fẹ́ sọ ọ́.

Túsìdé tó kọjá, mo lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní ilé ìlera wa. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọmọ mi wà lára àwọn tó gbé ẹ̀rọ náà wá, mo kàn fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Lóòótọ́, ó wù mí nígbà tí mo rí i. Ibi tó jẹ́ pé fáìlì ló kún ibẹ̀ dé àjà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gbá a, wọ́n ti kùn ún lọ́dà. Bùkọ́lá ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà, ọmọ ilé kẹta sí wa níbí, ẹni tí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Bó ṣe rí mi báyìí, ó dìde, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo èrò.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Màmá Tólú. Ẹ má tò sórí ìlà mà, ẹ wá jókòó síbí. Mo mọ̀ yín."

Ó tẹ nǹkan, ó dúró, ó tún un tẹ̀. Ó ní, "Kò rí yín mà. Ẹ má ṣèyọnu, mo ti ṣí tuntun fún yín."

Mo na ọrùn wo ojú ẹ̀rọ náà. "Mama Tolu" ni ó kọ síbi orúkọ. Níbi ọjọ́ orí, kò bi mí. Ọgọ́ta ni ó fi síbẹ̀. Èmi àti ìwọ mọ ìgbà tí mo ti kọjá ọgọ́ta, ṣùgbọ́n ọmọ náà fẹ́ yẹ́ mi sí ni. Ẹni tó ti kúnlẹ̀ fún mi, tó gbé mi kúrò lórí ìlà, ojú wo ni mo fẹ́ fi ní kó pa ohun tó kọ rẹ́?

Mo wọlé lọ bá dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó níwà. Ó wo ẹ̀rọ tirẹ̀, kò rí nǹkan kan nípa mi níbẹ̀, ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó kọ oògùn. Ó kọ èyí tí mo máa ń lò, ó sì fi ásípírìn kún un, ó ní kó lè máa ran ọkàn mi lọ́wọ́.

Ásípírìn, Tólú. Ìwọ lo gbé báàfù síwájú mi lọ́dún tí bàbá rẹ kú, nígbà tí mo ń bi ẹ̀jẹ̀ sínú rẹ̀. Ó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ nínú fáìlì mi àtijọ́ ní ilé ìlera yẹn kan náà, bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìwọ fúnra rẹ sọ fún mi pé gbogbo fáìlì ibẹ̀ lẹ ti kó wọ inú ẹ̀rọ tán. Ó wà níbẹ̀ nígbà náà, lábẹ́ orúkọ mi gan-an. Ẹ̀rọ yín mọ obìnrin kan tí ásípírìn fẹ́ẹ̀ pa. Kò kàn mọ̀ pé èmi tí mo jókòó síbẹ̀ ni.

Mo sọ fún dókítà, ó fagi lé e, ó bẹ̀ mí títí. Kò sí ohun tó ṣe mí. Ṣùgbọ́n rò ó wò bó bá jẹ́ ẹni tí kò lè kà ni, tàbí ẹni tí wọ́n gbé wá tí kò lè sọ̀rọ̀. O sì ti sọ fún mi pé ìparí oṣù yìí ni ẹ máa ṣí i fún gbogbo ilé ìlera pátá. Mi ò fẹ́ kí ẹ ṣí i báyìí. Ohun tí mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé nìyẹn, kì í ṣe pé mo fẹ́ máa yọ ọ́ lẹ́nu.

Ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀lé e yìí, bàbá rẹ kú láìgbọ́ ọ.

Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí tí o wà yìí, mo ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá káàdì ní ilé ìwòsàn ìjọba kan tí mi ò ní dárúkọ. Iṣẹ́ wa ni kí aláìsàn dé, kí a gba nọ́ńbà rẹ̀, kí a wá fáìlì rẹ̀ jáde lọ fún dókítà. Mo mọ iṣẹ́ náà, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, ìgbéraga wà níbẹ̀. Mo máa ń fọ́nnu pé mi ò nílò nọ́ńbà àwọn ará àdúgbò wa, pé bí mo bá ti rí ojú ènìyàn mo ti mọ ibi tí fáìlì rẹ̀ wà. Bí mi ò bá sì tètè rí i, mo máa ń ṣí tuntun. Gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò pọ̀, wọ́n ń pariwo lójú fèrèsé, fáìlì tuntun ò gba ìṣẹ́jú méjì.

Ìyá kan wà ní búlọ́ọ̀kù wa níbí, Ìyá Wàsíù. O ò bá wọn láyé. Musulumi ni wọ́n, ọmọ Ìsọlọ̀ gan-an, wọ́n ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn aránṣọ. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa gbé ẹ̀gbọ́n rẹ pọ̀n nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú, tí mi ò ní ìyá nítòsí. Lọ́jọ́ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Wàsíù ọmọ wọn gbé wọn dé lójú fèrèsé mi. Ẹsẹ̀ wọn ti wú nítorí egbò kan, ibà ti mú wọn débi pé wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni. Àgbà ọmọ ni Wàsíù nígbà yẹn, ó ti kọ́ṣẹ́ tán.

Mo ní, "Orúkọ màmá ńkọ́?"

Ó ní, "Ìyá Wàsíù ni, mà."

Mo sì kọ Ìyá Wàsíù. Wò ó, Tólú, mo ń bá ẹni tó tó ìyá mi gbé láti ọdún gbọọrọ, mo ń jẹun nílé wọn, mi ò mọ orúkọ wọn. Ta ló máa ń bi àgbàlagbà ní orúkọ? Ọmọ wọn gan-an kì í pè é. Mo wá a lábẹ́ orúkọ Wàsíù, mi ò rí i. Mo wá a lábẹ́ orúkọ bàbá Wàsíù, mi ò rí i. Mo ní ó tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ń jìyà jù. Mo ṣí fáìlì tuntun, mo gbé e sáré wọ inú lọ fún dókítà, inú mi sì ń dùn pé mo ṣe ìyá àdúgbò mi lóore, mi ò jẹ́ kí wọ́n tò.

Wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì. Nọ́ọ̀sì béèrè lọ́wọ́ Wàsíù bóyá abẹ́rẹ́ kan wà tí ara wọn kì í gbà, Wàsíù ní òun ò gbọ́ ọ rí. Ojú wọn wú, ọ̀fun wọn dí, kò pẹ́ rárá. Wọ́n sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Gbogbo ènìyàn ní egbò yẹn ló kó wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wá fáìlì ẹlòmíràn ni mo rí tiwọn. Rafatu Àjọkẹ́ Bákàrè. Orúkọ ilé bàbá wọn ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọge. Bí mo ṣe ṣí i, nọ́ńbà ilé wa ló wà níbẹ̀, wọ́n ti yí àdírẹ́ẹ̀sì náà padà nígbà tí wọ́n kó wá síbí. Lójú ìwé àkọ́kọ́, pẹ̀lú bírò pupa: aláìsàn yìí kò gbọdọ̀ gba pẹnisílìnì.

Mi ò fi han ọ̀gá mi. Mo ká a, mo fi ìró mi bò ó nínú báàgì, mo gbé e wálé. Fáìlì búráùn tó wà nísàlẹ̀ àpótí mi, èyí tí mo máa ń torí ẹ̀ nà ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí o wà ní kékeré, òun náà nìyẹn. Ojú ń tì mí, Tólú. Láti ìgbà yẹn lojú ti ń tì mí, ó sì ti sú mi.

Ó dáa. Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe. Mo fẹ́ kà á ní ení, èjì, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi, mi ò ní kà á dópin.

Èkíní, sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé kí ẹ̀rọ náà má gba Màmá Lágbájá, Ìyá Lágbájá, Bàbá, Alhaja tàbí Daddy síbi tó yẹ kí orúkọ wà. Kó kọ̀ ọ́. Ìkúnlẹ̀ tí Bùkọ́lá kúnlẹ̀ dára, mi ò fẹ́ kó fi í sílẹ̀, èmi náà fẹ́ràn kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n kó kúnlẹ̀ náà kó sì béèrè. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa béèrè tí kò ní dà bí àfojúdi. Kí wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, orúkọ tí wọ́n sọ yín lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ńkọ́? Orúkọ ilé bàbá yín ńkọ́?" Àgbàlagbà tó bá gbọ́ irú ìyẹn, ẹ̀rín ló máa rín, á sì máa ka oríkì rẹ̀ fún wọn títí tí wọn yóò fi ní ó tó. Kí wọ́n tún béèrè bóyá ó ti fi orúkọ mìíràn gba káàdì níbikíbi rí. Àwọn obìnrin wa ń yí orúkọ padà nígbà tí wọ́n bá lọ́kọ, wọ́n ń yí i padà nígbà tí wọ́n bá ti Mẹ́kà dé, àwọn mìíràn máa ń fún ilé ìwòsàn ní orúkọ tí kì í ṣe tiwọn nígbà tí wọ́n bá lóyún, kí ayé má baà mọ̀. Má sì gbójú lé nọ́ńbà fòònù. Fòònù kan ṣoṣo ni àwọn mìíràn ń lò nínú agboolé. Ní ti àwọn ìbejì, ẹ tún jókòó rò ó. Táíwò àti Kẹ́hìndé tí orúkọ bàbá wọn jẹ́ ọ̀kan, tí ọjọ́ ìbí wọn jẹ́ ọ̀kan, ojú kan náà, ilé kan náà. Kọ̀ǹpútà tí òyìnbó ṣe kò mọ irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Èyí náà, èmi ló ṣe é, má rò pé ẹlòmíràn ni. Obìnrin kan wà ní búlọ́ọ̀kù kejì sí wa, èsì àyẹ̀wò rẹ̀ gba ọwọ́ mi kọjá. Kò kàn mí. Mo kà á, mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo, a ń bó ẹ̀wà ni, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu sọ ọ́. Kó tó di Sọ́ńdè, wọ́n ti ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn bí ó bá ń kọjá. Ó kó kúrò níbí. Mo máa ń rí i ní Apakun lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Mo ti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó dì í fún mi, ó ní, "Ẹ ṣeun mà," kò sì wo ojú mi. Nígbà ayé wa, ẹni tó bá fẹ́ ṣe òfófó gbọ́dọ̀ wọ yàrá káàdì. Ẹ̀yin ti so ó pọ̀ báyìí, ẹni tó wà ní Ọ̀ṣọ́dì lè ka èsì ẹni tó wà ní Èjìgbò. Nítorí náà, kí ẹni tó ń kọ orúkọ má lè rí èsì. Kí orúkọ ẹni tó bá ṣí nǹkan wò máa wà níbẹ̀, kó sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ká ní mo mọ̀ pé wọ́n máa bi mí, ǹ bá ti panu mọ́.

Má rò pé mo kórìíra ẹ̀rọ yín o. Mo ti rí ìyá tó gbé ọmọ wá láti Èjìgbò, tí omi òjò ti gbé káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ náà lọ, tí a tún bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, tí ọmọ náà ń wò mí bí ọ̀tá. Mo ti rí aláboyún tí wọ́n ní kó máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, tí wọ́n fún un ní pépà kan dání, tí òógùn ọwọ́ rẹ̀ ti pa gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ rẹ́ kó tó dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń rọbí. Bí ó bá jẹ́ tiyín ni, dókítà ti kà á tán kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n ti mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti gbé e sílẹ̀ dè é. Èsì àyẹ̀wò kò ní máa gbé nínú ọ̀rá lábẹ́ ìbùsùn mọ́. Ilé ìlera tí oògùn ti tán nínú rẹ̀ máa rí ibi tó ti ṣẹ́kù, aláìsàn ò ní máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kiri. Mo fẹ́ kó ṣẹ lójú ayé mi. Ìdí tó fi ń dùn mí nìyẹn pé "Mama Tolu" ni mo jẹ́ níbẹ̀.

Nǹkan mìíràn, mi ò mọ iye tí mo kà dé. Iná máa lọ, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa lọ. Bí ó bá lọ, Bùkọ́lá máa fa ìwé àjákọ yọ, á máa kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ó bá padà dé, èrò ti pọ̀, kò ní ráyè kó ohun tó wà nínú ìwé wọ inú ẹ̀rọ. Mi ò bú u. Èmi náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fún wọn ní ìwé kan tí gbogbo wọn mọ̀, kí ẹ sì fún wọn ní wákàtí kan lójúmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní wá sójú fèrèsé, kí wọ́n fi kó o wọlé. Má sì jẹ́ kí wọ́n sun àwọn fáìlì àtijọ́. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ sun ún nítorí pé eku ń jẹ ẹ́. Ẹ lé eku.

Àti pé àwọn àgbà tó wà nínú yàrá káàdì, àwọn tó máa ń bínú sí yín, tí ẹ̀ ń pè ní ọ̀tá ìlọsíwájú. Mo gbọ́ ọ nígbà tí o sọ ọ́ lórí fòònù, ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n. Lọ bá wọn, kí wọn dáadáa, pè wọ́n ní ẹ̀gbọ́n, béèrè ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìṣe. Kò sí ìkankan nínú wọn tí kò ní fáìlì kan nísàlẹ̀ àpótí.

Mo fẹ́ parí ẹ̀ síbẹ̀ lánàá, ṣùgbọ́n mo rí i pé mi ò lè máa rán ọ níṣẹ́ tí èmi fúnra mi kò lè jẹ́. Nítorí náà, mo gbé fáìlì náà, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá Wàsíù ní Èjìgbò.

O mọ Wàsíù, òun ni Bọ̀dá Wàsíù tó ń tún táyà ṣe, tó máa ń gbé ẹran wá fún wa lọ́jọ́ Iléyá. O bi mí lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí mi kì í jẹ nínú ẹran náà, mo ní ó le jù fún eyín mi. Ó máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé èmi ni mo sáré lórí màmá òun lọ́jọ́ náà.

Ó gbé àpótí ìjókòó fún mi lábẹ́ òjìji. Mo ní, "Wàsíù, kí ni orúkọ màmá rẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, Màmá."

"Dárúkọ wọn fún mi."

"Rafatu," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ẹni pé wọ́n lè wà nítòsí kí wọ́n gbọ́.

"Ìgbà wo lo mọ̀ ọ́n?"

"Ọjọ́ tí a ń sin wọ́n. Ẹ̀gbọ́n wọn ló pè é tí mo gbọ́. Mo ti tó gbéyàwó nígbà yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí."

Mo na fáìlì sí i. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ kó tó gbà á. Kò yára kàwé, mo jókòó wò ó bó ṣe ń fi ìka tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ibi bírò pupa, ìka rẹ̀ dúró. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ, mi ò bu iyọ̀ sí i.

Ó ní, "Ẹ sì ti mọ̀ láti ọdún yẹn."

"Mo ti mọ̀."

Ọkùnrin kan yí táyà dé. Wàsíù dìde, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi omi wò ó bóyá ó ń jò, ó ṣe é dáadáa. Ó padà wá jókòó. Ó ní, "Èmi ni mo sọ fún yín pé Ìyá Wàsíù."

Mo ní, "Èmi ló yẹ kí n tún béèrè. Iṣẹ́ mi ni."

"Ẹ máa lọ sílé, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tí màá sọ."

Ó dá kẹ̀kẹ́ dúró fún mi, ó dì mí lápá mú wọlé kí orúnkún má baà dùn mí. Fáìlì náà wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò tíì pè mí. Bóyá á pè, bóyá kò ní pè mọ́. Mi ò lè fi ipá mú un. Mo sùn lọ́sàn-án lẹ́yìn tí mo dé, mo sùn bí ọmọdé, nígbà tí mo jí mo sunkún.

Tólú, lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ kí oṣù tó parí. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ ti sún mọ́, sọ pé ìyá rẹ ni wọ́n fẹ́ẹ̀ fún ní ásípírìn. Bí wọ́n bá ní ẹ̀sùn kékeré ni, ka lẹ́tà yìí fún wọn. Mo fún ọ láyè. Kà á dé ibi Ìyá Wàsíù, má fo nǹkan kan nítorí mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, wá "Mama Tolu" nínú ẹ̀rọ yẹn, kí o pa á rẹ́. Mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ yìí, ọjọ́ tí wọ́n bí mi gan-an wà lẹ́yìn ìwé náà. Mo mọ̀ pé o ò pè é rí, inú mi sì máa ń dùn sí i pé mo tọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ, kí o pè é sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó mọ́ ọ lẹ́nu. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé mi délé ìwòsàn tí mi ò lè sọ̀rọ̀, ìwọ ni wọ́n máa bi.

Èmi ni

Olúfúnmiláyọ̀ Àdùkẹ́ Kọmfọ́ọ̀tì Adébọ̀wálé,
ọmọ Ṣówùnmí kí n tó lọ́kọ.
Ara mi kò gba ásípírìn.